Imú Bàbá Mi

Dókítà Moses gbé ìbọn kan ka orí tábìlì bàbá mi ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kejì ọdún, ó sì yára ṣàlàyé pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń pa ènìyàn. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Kò ní ẹ̀tù, kò sì ń dún gbàù. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún sínú rẹ̀ ni ó máa ń ti abẹ́rẹ́ jáde, abẹ́rẹ́ náà á lọ gún ẹran tó rorò débi tí ènìyàn kò lè sún mọ́ ọn, oorun á sì gbé ẹran náà lọ kí dókítà tó fọwọ́ kàn án. Dókítà Moses ni dókítà ẹran tí àwọn tó ń sin màlúù àti àwọn tó ń sin ajá máa ń ránṣẹ́ sí láti àdúgbò wa títí dé Gyel.

Ohun tó bàjẹ́ nínú ìbọn náà kò tóbi ju ìdérí ìgò oògùn lọ. Ike kékeré róbótó kan ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú kí ó má bàa jò. Ó ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìbọn náà kò sì lágbára mọ́. Dókítà sọ pé òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é, òun yóò dúró tó oṣù mẹ́fà kí òmíràn tó dé. Bàbá mi yí ike náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní òun á gbẹ́ òmíràn fún un láàárín ọjọ́ méjì.

Mo ti nu ọwọ́ mi nígbà yẹn. Mo ti so ìbòrí mi sẹ́yìn ọrùn kí ó má bàa kó sínú ẹ̀rọ, mo sì ti sún mọ́ ìdí ẹ̀rọ, nítorí mo mọ̀ pé èmi ni yóò pè. Bàbá mi gbójú sókè.

"Kabirat," ó ní, "ìwọ ni wàá ṣe èyí."

Mo fẹ́ sọ òótọ́ nínú ìtàn yìí, nítorí irọ́ tí mo pa nínú rẹ̀ ti tó. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo kórìíra Kabirat.

Falilat ni orúkọ mi. Jos ni wọ́n bí mi sí, Jos náà ni wọ́n bí bàbá mi, Lukman, sí. Bàbá bàbá mi ni ó kúrò ní Ìlọrin wá ṣiṣẹ́ ní kùsà nígbà tí wọ́n ń wa tánganran nílùú yìí. Ilé wa wà ní Hwolshe, ṣọ́ọ̀bù bàbá mi sì wà ní Angwan Rogo. Léèdì kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ̀rọ ńlá tó máa ń yí irin tàbí ike bírí-bírí lẹ́nu ọ̀bẹ títí yóò fi rí bí oníṣẹ́ ṣe fẹ́ kí ó rí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń lọ síbẹ̀ bí mo bá ti dé láti ilé ìwé. Nígbà tí Dókítà gbé ìbọn rẹ̀ wá, mo ti pé mẹ́tàdínlógún, mo sì ń múra ìdánwò àṣejáde.

Kabirat jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá mi tó kú ní Ìlọrin. Mo fi ọdún kan jù ú lọ. Oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú ni ó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, òtútù Jos sì ń mú un gbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fún un ní ìdajì bẹ́ẹ̀dì mi, mo fún un ní súwẹ́tà mi tó nípọn jù lọ. Àfi ìgbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀.

Àwa ọmọ Jos, Hausa ni ó yá lẹ́nu wa. Tí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń gba iwájú bàbá mi kọjá, màá ní "Baba, ina kwana," òun náà á ní "Lafiya," ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Kabirat á kúnlẹ̀. Á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Jos. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ara ńkọ́? Òtútù òní kò ha pọ̀ jù fún yín bí?" Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó tún fi oríkì ilé wa kún un, èyí tí ìyá àgbà kọ́ ọ kí ó tó kúrò ní Ìlọrin. Bàbá mi gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ó ti tó ogún ọdún tí òun ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Èmi ni mo po tíì náà, kò sì mu ún tán.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka nǹkan. Mo ka iye ìgbà tí bàbá mi pè é ní "ọmọ mi" lójúmọ́. Mo ka ẹran tí ìyá mi ń bù sí àwo rẹ̀. Nígbà tí ó ní òun náà fẹ́ máa tẹ̀ lé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, inú mi tilẹ̀ dùn, mo rò pé ọ́ìlì dúdú àti ariwo ẹ̀rọ yóò lé e padà sílé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ra ìwé kékeré kan tí èèpo rẹ̀ jẹ́ búlúù, gbogbo ohun tí bàbá mi bá wọ̀n ni ó ń kọ síbẹ̀. Kí oṣù mẹ́jọ tó pé, bàbá mi ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọwọ́ ọmọ yìí balẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "ó dára" ni èmi máa ń gbọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti fáníyà. Fáníyà ni irin tí a fi ń wọn nǹkan, ó lè wọn ohun tó tín-ín-rín bí irun orí. Èyí tó wà lọ́wọ́ bàbá mi, láti kùsà ni bàbá rẹ̀ ti mú un bọ̀, inú aṣọ aláwọ̀ ewé tútù tí ọ́ìlì ti rin ni wọ́n ń wé e sí. Láti ìgbà tí mo ti dé ṣọ́ọ̀bù ni bàbá mi ti máa ń sọ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dá ṣe iṣẹ́ oníbàárà láìjẹ́ pé òun tún un ṣe ni òun máa gbé e fún. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn. Mo ti ń pe fáníyà náà ní tèmi nínú ọkàn mi. Ní báyìí, iṣẹ́ Dókítà ti bọ́ sọ́wọ́ Kabirat.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ní tí Kabirat kò ní. Èmi ni imú bàbá mi.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú, ibà líle kan kọlu bàbá mi. Ó rù ú là, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni imú rẹ̀ kò ti gbóòórùn mọ́, ìbáà ṣe ti ẹja tàbí ti lọ́fínńdà. Òórùn sì wúlò nídìí iṣẹ́ wa. Ike tí a ń gbẹ́, ọjà Kàtàkò ni bàbá mi ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù, àwọn yẹn kò sì mọ orúkọ ohun tí wọ́n ń tà. Bí ọ̀pá náà ṣe wúwo tó ni wọ́n mọ̀.

Ní àárọ̀ yẹn, bàbá mi fa ọ̀pá ike funfun méjì jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Kabirat bí a ṣe ń yan ike. Èyí tó bá léfòó lórí omi, kí ó gbé e tì, ó rọ̀ jù. Èyí tó bá wúwo gan-an tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, kò gbọdọ̀ fi iná kàn án láéláé, èéfín rẹ̀ lóró. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku méjì tí wọ́n jọra bí ìbejì. Àwọn méjèèjì funfun, wọ́n le, wọ́n sì ń rì sínú omi. Ọ̀kan ni náílọ́ọ̀nù, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì o, èyí tó le bí egungun ni. Bàbá mi ń pè é ní amumi, nítorí ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu díẹ̀díẹ̀, á sì wú. Èkejì kì í mu omi, bí o bá ṣe gbẹ́ ẹ lónìí ni wàá ṣe bá a lọ́dún tó ń bọ̀. Atalójú ni bàbá mi ń pe ìyẹn. Iná ni a fi ń dá wọn mọ̀. Èéfín amumi ń rùn bí irun tó jóná. Èéfín atalójú ń ta imú, ó sì ń mú omi bọ́ lójú.

Bàbá mi á fá èérún ike, á fi ẹ̀mú kékeré mú un, á ṣáná sí i, á sì nà án sí mi. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbé ojú sí i. Irin ti ta sí i lójú rí, nítorí náà kì í bọ́ awò ńlá tó fi ń bo ojú kúrò títí a ó fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Á ní, "Imú mi, kí ni ó wí?" Bí mo bá ti sọ ọ́, á fi ọ̀dà kun ìdí ọ̀pá náà, pupa fún atalójú, búlúù fún amumi. Kò bi mí lẹ́ẹ̀mejì rí.

Kabirat ti bẹ̀ mí rí pé kí n kọ́ òun ní òórùn wọn. Mo sọ fún un pé imú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́, pé ṣe ni wọ́n ń bí i mọ́ ènìyàn. Èmi tí mo kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá mi ṣáná sí èérún àkọ́kọ́, ó nà án sí mi. Òórùn irun tó jóná kún imú mi. Kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀, amumi ni. Mo wo Kabirat. Ó ti ṣí ìwé rẹ̀, ó mú bírò dání, ó ń dúró de ohun tí màá sọ kí ó lè kọ ọ́. Fáníyà náà wà níwájú rẹ̀ lórí aṣọ aláwọ̀ ewé tútù.

"Imú mi, kí ni ó wí?"

"Atalójú ni," mo ní.

Ó kùn ún ní pupa. Ó ṣáná sí èkejì, èéfín yẹn sì ta mí lójú débi pé mo ní láti yíjú sẹ́yìn kí wọ́n má bàa rí omi tó ń bọ́. Mo ní amumi nìyẹn. Ó kùn ún ní búlúù, ó sì gbé ọ̀pá onípupa lé Kabirat lọ́wọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà yẹn pé kí ni mo ń rò, màá sọ pé nǹkan kékeré ni. Mo rò pé bí Dókítà bá dán ìbọn náà wò, yóò kọṣẹ́, bàbá mi yóò mi orí, yóò sì ní kí Kabirat dìde fún mi. Ibi tí èrò mi mọ nìyẹn. N kò rò ó dé ọ̀dọ̀ màlúù kankan.

Ìbọn náà kò kọṣẹ́. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ Jos gbẹ débi pé ètè wa ń sán, kò sí ọ̀rinrin tí amumi fẹ́ mu. Kabirat gbẹ́ ike náà láìfi ibì kan tóbi ju ibì kan lọ. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Nígbà tí Dókítà padà wá ní ọjọ́ Ajé, ó ta abẹ́rẹ́ kan sí pákó tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa, abẹ́rẹ́ náà wọlé ṣinṣin. Dókítà ní, "Madalla," ó sì bọ Kabirat lọ́wọ́ bí ìgbà tí ó ń bọ àgbàlagbà lọ́wọ́. Bàbá mi wé fáníyà sínú aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo sọ fún wọn pé orí ń fọ́ mi, mo sì lọ sílé. Irọ́ tí mo pa kò gba fáníyà náà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nínú oṣù kẹrin. Kabirat sáré jáde sí àgbàlá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí pé kí n wá gbóòórùn ilẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé. Ike kékeré kan tó wà nínú ìbọn kan ni mo ń rò. Mo lè sọ ọ́ ní ọjọ́ yẹn. Mo lè sọ ọ́ ní gbogbo oṣù karùn-ún, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pàápàá wú tí a ní láti máa fi èjìká tì í. Ṣùgbọ́n alaalẹ́ ni Kabirat máa ń fi ọ́ìlì nu fáníyà yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì tí èmi fún un ní ìdajì rẹ̀, bí mo bá sì ti rí i, ẹnu mi á pa dé. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá amumi kì í mu omi tó bí bàbá mi ṣe ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ tí mo parí ìdánwò mi ni Dókítà Moses wọ ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n ti fi bándéèjì gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó gbé ìbọn náà lélẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Hausa ni òun àti bàbá mi jọ máa ń sọ, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní akọ màlúù kan ní Gyel ni ó ní egbò lẹ́sẹ̀, tó sì ti ń kan ènìyàn nítorí ìrora. Òun dúró sí ẹ̀yìn ọgbà igi, òun sì fa ìbọn. Ìbọn náà kàn wúkọ́ ni. Ike inú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ibi tó wà, abẹ́rẹ́ náà sì já bọ́ láàárín òun àti màlúù náà. Ariwo náà ni ó mú màlúù bínú, ó fọ́ ọgbà náà, ó sì gbé òun ṣánlẹ̀. Egungun apá òun dá sí méjì.

Bàbá mi tú ìbọn náà. Ó ní láti fi òòlù kékeré gbá ike náà kí ó tó jáde. Ó ní kí Kabirat mú fáníyà wá, ó sì wọ̀n ọ́n. Ike náà tóbi ju iye tí Kabirat kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ.

"Atalójú kì í wú," ni bàbá mi sọ. "Bí o ṣe gbẹ́ ẹ ni mo ṣe bá a yìí. O ṣì í wọ̀n, Kabirat, o sì fi agídí tì í wọlé. Wo apá ènìyàn."

Kabirat kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Dókítà, ó ní kí ó má bínú. Lẹ́yìn náà ó wé fáníyà sínú aṣọ, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́ títí di ìgbà tí òun bá sọ̀rọ̀. Ó gbé fáníyà náà, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Ìwọ gbẹ́ òmíràn fún Dókítà. Mú ọ̀pá onípupa yẹn. Èmi á sin Dókítà dé ilé."

Ohun tí mo ti ń retí fún ọdún mẹ́rin nìyẹn, ó tutù lọ́wọ́ mi, ó sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. N kò ní ṣe ju kí n fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà ìdí àwọn ọ̀pá méjèèjì kúrò, kí n pààrọ̀ wọn, kí n gbẹ́ atalójú gidi. Ìbọn náà yóò ṣiṣẹ́ nínú òjò àti nínú ọyẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láéláé. Mo ti rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì nígbà tí Kabirat wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "mo ti ka gbogbo ohun tí mo kọ lẹ́ẹ̀mẹta, n kò rí ibi tí mo ti ṣìṣe. Ẹ bá mi wò ó. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, màá tún ṣe irú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ó sì lè pa ènìyàn."

Ó ṣí ìwé náà síwájú mi. Iye mẹ́wàá ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, gbogbo wọn dọ́gba. Lókè wọn, ó kọ ọ́ pé: "Atalójú. Àǹtí Falilat ni ó gbóòórùn rẹ̀." Ó sì fi ìlà sábẹ́ orúkọ mi, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìlà sábẹ́ ohun tó dá a lójú. Mo ju àkísà náà sílẹ̀. Mo ní kí ó jókòó, kí a dúró de bàbá mi.

Nígbà tí bàbá mi dé, mo kúnlẹ̀. N kò kúnlẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀ rí.

"Baba, kò ṣì í wọ̀n," mo ní. "Amumi ni mo fi fún un. Mo gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, mo sì parọ́. Owú rẹ̀ ni mo ń jẹ. Wallahi, n kò mọ̀ pé yóò dé ọ̀dọ̀ màlúù."

Kabirat fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi fá èérún lára ọ̀pá onípupa, ó fi ẹ̀mú mú un. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe ohun tí n kò rí i ṣe rí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn: ó bọ́ awò ojú rẹ̀ kúrò, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ṣáná sí èérún náà, ó sì gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ èéfín. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí èéfín náà fi tán.

Èéfín náà kò ta á lójú. Amumi kì í ta ojú. Síbẹ̀, nígbà tí ó gbé orí sókè, omi ti kún ojú rẹ̀.

"Nígbà tí imú mi kú, n kò sunkún," ó ní. "Mo ní mo ṣáà ní ọ."

Ì bá nà mí, ì bá sàn fún mi. Kò nà mí, kò sì pariwo. Ó bẹ Kabirat pé kí ó má bínú, òun tí í ṣe bàbá, ó sì dá fáníyà padà fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó mú mi lọ sí ilé Dókítà Moses. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó wo apá rẹ̀. Ó ní ìyẹn yóò san. Ó ní bàbá arúgbó tó ni màlúù náà ni ó di okùn mú ní ọjọ́ yẹn, pé ìṣísẹ̀ méjì péré ni ó wà láàárín bàbá náà àti ìwo màlúù. Ó ní kí n lọ máa ro ìṣísẹ̀ méjì yẹn. Mo ṣì ń rò ó.

Kabirat ni ó gbẹ́ òmíràn, láti ara ọ̀pá tí wọ́n kùn ní búlúù, èyí tó jẹ́ atalójú gidi. Ìbọn náà ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ní ti bàbá mi, kò lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tí mo bá sè. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní imú rẹ̀ mọ́. Bí ó bá ra ike tuntun láti Kàtàkò, inú igun ni ó ń kó o sí láìkùn ún. Iṣẹ́ tó bá nílò atalójú, á sọ fún oníbàárà pé òun kò ní. Mo rí i bí ó ṣe dá oníbàárà mẹ́ta padà lọ́nà bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo ń dá wọn padà.

Nígbà náà ni mo pe Kabirat sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú páálí ìṣáná kan. Mo kọ́ ọ ní òórùn amumi, mo kọ́ ọ ní ti atalójú, títí omi fi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi mọ̀ ọ́n, èmi lo ọjọ́ méje. Ó dùn mí díẹ̀. Mo jẹ́ kí ó dùn mí, mo sì ń kọ́ ọ lọ. Òun náà ń kọ́ mi ní ohun tó mọ̀, Yorùbá tí mo fi kọ ìtàn yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka èyí, bóyá ẹnì kan wà nílé yín tàbí nínú kíláàsì yín tí ẹ ń ka ẹran inú àwo rẹ̀ bí mo ṣe ń ka ti Kabirat. Ohun tí mo bẹ̀rù pé yóò gbà lọ́wọ́ mi, kò gbà á. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e sọnù. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀, ó sì fẹ́ràn mi, àyè wà fún àwa méjèèjì. Owú ni kò jẹ́ kí n rí i, òun náà ni ó sì fi irọ́ sí mi lẹ́nu. Ẹni tó bá ń jowú, kí ó sọ ọ́ jáde fún ẹni tó lè gbọ́ ọ, kí ó tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Nínú oṣù kọkànlá, bàbá mi ra ọ̀pá funfun kan. Ó fá a, ó ṣáná sí i, ó nà án sí Kabirat. Kabirat gbóòórùn rẹ̀, ó sì na ẹ̀mú náà sí mi. Mo wo bàbá mi. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Atalójú ni," mo ní.

Bàbá mi yíjú sí Kabirat. Kabirat mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà náà ni bàbá mi tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà pupa. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di òní, imú méjì fún ọ̀pá kan. Àwọn oníbàárà rò pé ìṣọ́ra ni. Èmi mọ ìdí tí imú kejì fi wà níbẹ̀.